Ohun Tí Wọ́n Bá Sọ Nìkan: Ọdún Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Kóòtù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, akọ̀wé yín wá bá mi nílé ní Ìtókò lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ní ẹ fẹ́ kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ lè fi mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dáwọ́ lé. Mo bi í pé àwọn wo ló ti kọ tiwọn. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ti kọ, olùkọ́ méjì náà sì ti kọ. Ó wá ní, "Bàbá, gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́ ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Ó jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mu omi, ó lọ. Èmi ni mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Mo máa sọ iṣẹ́ náà fún yín bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tí n kò sọ nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ba ayé ẹnìkan jẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà láti kọ ìwé yìí.

Ògbufọ̀ ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì dé kóòtù rí, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹjọ́ gbé yín débẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní kóòtù Májísíréètì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, adájọ́, ọmọ Yorùbá ni. Ọlọ́pàá tó ń pe ẹjọ́, ọmọ Yorùbá ni. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ọmọ Yorùbá ni, ẹlẹ́rìí náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Láfẹ́nwá ni. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí wọ́n fi kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Tí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, adájọ́ ò ní kọ ọ́. Á gbé bírò sókè, á dúró dè mí. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ló tó gbọ́ ọ lójú òfin. Etí rẹ̀ ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ò tíì gbọ́. Àárín etí adájọ́ àti ìwé rẹ̀ ni mo dúró sí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ, kò sì jẹ́ ká fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré nínú ilé. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n ń wá èèyàn, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì kéré débi pé ebi pa wá. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Ṣótúndé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an kí n tó dé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ èèyàn ni, ó ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan tó ń wọ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, kì í sì í rẹ́rìn-ín tó bá ti wọ ọgbà kóòtù. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó fi mí sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́yìn, ó ní kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn mi, kí ètè mi má sì mì. Tí ètè mi bá mì pẹ́nrẹ́n, á yíjú wò mí. Mo bẹ̀rù ojú yẹn ju ti adájọ́ lọ.

Òfin tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ nìkan ni kí n sọ. Kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀, kí n má bá a tún un ṣe. "Tó bá bú èèyàn, bú u," ló máa ń sọ fún mi. "Tó bá purọ́, pa á bó ṣe pa á. Wọn ò gbà ọ́ síṣẹ́ láti mọ òótọ́."

Ó ní kí n máa wá sílé òun ní Ìjàyè lọ́jọ́ Sátidé kí n wá kọ́ ọ dáadáa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké pe ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Ìyá Títí, wá bú mi."

Màmá jáde, ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́. "Ṣé bíi ti àná ni, àbí kí n bú yín dáadáa?"

"Bú mi dáadáa. Ọmọ yìí fẹ́ kọ́ṣẹ́."

"Ó dáa. Ẹ̀yin aláìgbọ́ràn yìí! Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ní kí ẹ bá mi tún páànù ilé ìdáná ṣe. Òjò ń pa mí nídìí ààrò, ẹ̀yin jókòó síbí bí àpò sìmẹ́ǹtì!"

Bàbá yíjú sí mi. Báwo ni n ṣe máa pe ọ̀gá mi ní àpò sìmẹ́ǹtì? Mo wá Gẹ̀ẹ́sì kan tó rọ̀ díẹ̀, mo ní ìyàwó yín ní ẹ ò tètè dá òun lóhùn. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Ìyàwó mi ní àpò sìmẹ́ǹtì ni mí. Àpò sìmẹ́ǹtì ni kí n jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì!"

"Mo ṣì tún lè fi kún un o," ni Màmá wí. Ó gbádùn ẹ̀kọ́ yẹn ju àwa méjèèjì lọ. Ọjọ́ Sátidé mọ́kànlá la fi ṣe é, Bàbá ò sì tún páànù náà ṣe.

Ohun kejì ni pé ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní òun jí i." Bí ẹlẹ́rìí bá ní "mo jí i," èmi náà gbọ́dọ̀ ní "mo jí i." Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mo ti jí ewúrẹ́, mo ti fi ọkọ̀ gbá èèyàn sá lọ, mo ti na ìyàwó mi lọ́pọ̀ ìgbà níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ n kò gbé ọwọ́ sókè sí obìnrin rí láyé mi. Tí mo bá délé, Fúnmiláyọ̀ ìyàwó mi á ní, "Kí lo ṣe lónìí?" Mo lè ní mo jí jẹnẹrétọ̀ méjì, mo sì fọ́ ilé àna mi. Á ní kí n lọ wẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ọmọ.

Èyí tó wá kù ni pé kí n jìnnà sáwọn èèyàn. Kí n má bá ẹni tó ní ẹjọ́ jẹun, kí n má bá a rìn, kí n má sì kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ló le jù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìlú wa. Ní Abẹ́òkúta, kí àgbà kí ọ kí o máa wò ó níran, ìwà ọ̀yájú ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan bá mi lábẹ́ igi tó wà nínú ọgbà kóòtù. Ó ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ bàbá mi fún un. Ó ní òun mọ ìyá bàbá mi, a jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́, ìyá náà ni olùpẹ̀jọ́. Bàbá Ṣótúndé dá mi padà sórí bẹ́ńṣì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tí kóòtù túká, ó pè mí. "Ẹni tó ń bá ìyá yẹn ṣẹjọ́ náà wà lábẹ́ igi. Ó rí ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Kí lo rò pé ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó rí i pé ìwọ lo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ fún un?" Mo ní kó má bínú. Òótọ́ ni.

Bí mo ṣe di ẹni tí kì í dúró kí èèyàn nìyẹn. Mo mú òfin náà kúrò nínú ọgbà kóòtù, mo gbé e wá sílé. Ta ni mo mọ̀ tí kò ní ẹjọ́, tàbí tí àbúrò rẹ̀ kò ní? Tí aládùúgbò bá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, Fúnmiláyọ̀ nìkan ló ń lọ. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá fún wa nígbà ọdún Iléyá, mo máa ń bi í pé ilé ta ni ó ti wá kí n tó ṣí i. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Má-kí-mi ní àdúgbò. Fúnmiláyọ̀ fi ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n níjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sunkún. Ó ní, "Ṣé òfin ní kí o má ní ọ̀rẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi sì dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́ fún yín. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní olódodo nìyẹn.

Mo ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá Ṣótúndé sì ti fẹ̀yìn tì, nígbà tí ẹjọ́ Kàmórù dé iwájú wa.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kàmórù. Ó ń bá Alhaji kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Láfẹ́nwá. Bàbá Kàmórù ti kú tipẹ́, Alhaji yìí ló tọ́ ọ dàgbà, ọwọ́ Kàmórù sì ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù máa ń wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọn ò bá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la pákó mọ́. Kò sẹ́ni tó já àgádágodo. Ọlọ́pàá mú Kàmórù.

Nígbà tí mo ka ẹ̀sùn náà sí i létí ní Yorùbá, ó ní òun ò jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ kọ ọ́. Kò ní lọ́yà. Ìyá rẹ̀ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nígbà gbogbo tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà dé, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí Alhaji wá jẹ́rìí, ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́, ó sọ ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Bó ṣe kan orúkọ Kàmórù báyìí, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ adájọ́, ó kọjú sí i, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Kàmórù, èmi tí mo fi ọ́ ṣọmọ. Ṣé bó ṣe yẹ kí o ṣe mí nìyí?"

Kí ọlọ́pàá tó ráyè sọ pé kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, Kàmórù ti dọ̀bálẹ̀ níbi tó dúró sí. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé ire, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Tí bàbá yín bá ń sunkún níwájú yín, ta ló máa dúró ṣánṣán kó ní òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀? Ẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná. Ẹ jẹ̀bi o, ẹ ò jẹ̀bi o, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ kí ojú àgbà lè gbẹ, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Alhaji yẹn gan-an ló kọ́ Kàmórù bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá náà la mọ̀ pé ọmọ ń tu bàbá rẹ̀ nínú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Adájọ́ gbé bírò sókè, ó ń wò mí.

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Nígbà tó di Gẹ̀ẹ́sì, omijé Alhaji kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ìdọ̀bálẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ̀bi nìkan ló ṣẹ́ kù. Adájọ́ kò tètè kọ ọ́. Ó ṣì ń wò mí, ó pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn lè ka ení dé ẹẹ́wàá.

Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ṣé bó ṣe wí nìyẹn?"

"Bó ṣe wí nìyẹn, Olúwa mi."

Ó sọ ojú sílẹ̀, ó kọ ọ́.

Nígbà tó máa dájọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Kàmórù, kò sẹ́ni tó já àgádágodo, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbà níwájú kóòtù pé ẹ̀bi òun ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Èmi náà ni mo sọ ìyẹn fún Kàmórù ní Yorùbá. Ó wojú mi bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí, ìyá rẹ̀ sì ti ń ké lẹ́yìn. Èmi lọ jẹun ọ̀sán. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, oúnjẹ yẹn ló ń dùn mí jù.

Oṣù kẹwàá lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹ́ńjìnnì náà ní Papalanto. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji ló gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn, tó gbé e tà. Alhaji sáré kiri, ó gba lọ́yà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nítorí Kàmórù. Ó tó oṣù mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹsàn-án tó wà lẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, mo rí Alhaji lábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ bá a. Mo rántí òfin, mo wọlé.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Ṣótúndé ní Ìjàyè. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì, Màmá ló ń mú un lọ́wọ́ káàkiri ilé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ń retí kó ní mo ṣe é bí òun ṣe kọ́ mi.

Ó ní, "Ṣé o nawọ́ sókè?"

"Ọwọ́ wo, sà?"

"Ọwọ́ rẹ. Ṣé o nawọ́ sókè, kí o ní, Olúwa mi, ẹ gba ògbufọ̀ láàyè kó ṣàlàyé àṣà kan fún kóòtù?"

"Ẹ ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo kọ́ ọ pé kí o má fi tìrẹ kún tiwọn. Mi ò ní kí o má ní tìrẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nawọ́ sókè ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà mí láàyè lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó wà nínú ìwé ìlànà kóòtù. Mo rò pé o kà á."

N kò kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo há sórí, mo rò pé òun ni òfin. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, mo lọ wá ìwé náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ewé mélòó kan péré ni, eruku ti bò ó. Ó wà níbẹ̀ ní ojú ìwé kẹta, gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tí adájọ́ ń dúró dè nígbà tó ń wò mí. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ Yorùbá tí Kàmórù sọ, àmọ́ kò lè kọ ohun tí ẹnìkan kò sọ fún un. Ó ń dúró de ọwọ́ mi. Mo jókòó nínú ọ́fíìsì náà, mo sunkún.

Mo bínú sí Bàbá Ṣótúndé fún bí ọdún kan. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo kàn ń wá ẹni tí mo lè bínú sí ni. Lẹ́yìn náà, mo nawọ́ sókè nígbà mẹ́rin kí n tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ kan kọ̀ fún mi, àwọn mẹ́ta gbà mí láàyè. Kò ṣòro rárá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ bá Kàmórù nígbà náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé òfin kò jẹ́ kí n bá ẹlẹ́jọ́ sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ẹjọ́ ti parí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo wá fi òfin bojú.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú bírò adájọ́ ni mo máa ń wò. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan tán kí n tó sọ òmíràn, mo sì mọ ìgbà tí ọwọ́ bá ti ń ro ó. Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. Ọwọ́ wọn yá, àmọ́ wọn ò wojú mi mọ́, ara ẹ̀rọ ni ojú wọn wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé. Àwọn adájọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọmọdé ni wọ́n lójú mi, wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo lè dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán kí wọ́n má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ ló máa ń dùn mí, ẹnu mi ò ṣe nǹkan kan.

Fúnmiláyọ̀ kú ní ọdún méjì kí n tó fẹ̀yìn tì. Èèyàn kún ilé wa dé títì. Wọ́n kí àwọn ọmọ, wọ́n dì mọ́ wọn, wọ́n ń sọ oore tí ìyá wọn ṣe. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà," wọ́n á sì kọjá. Inú ò bí wọn sí mi. Wọn ò mọ̀ mí ni. Èmi ni n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun báyìí, wọ́n ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Tí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀ tán, ilé á dákẹ́ débi pé mo lè gbọ́ ìró fíríìjì láti yàrá.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò ó títí, mo ní kò sí òfin kankan tó tún kù tí mo lè fi bojú. Mo lọ sí Láfẹ́nwá, mo béèrè Kàmórù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pákó. Wọ́n ní Alhaji ti kú, pé Kàmórù wà ní Kọ́bapẹ́, etí títì ló ti ń kan àgò adìyẹ fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀.

Mo bá a pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ewú ti yọ lórí rẹ̀. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n bá mi gbé omi wá. Ó rò pé àgò ni mo fẹ́ rà.

Mo ní, "Ṣé o rántí mi?"

Ó wò mí dáadáa. "Ẹ má bínú, sà. Ojú yín jọ ojú tí mo mọ̀."

"Èmi ni ògbufọ̀. Lọ́jọ́ ẹjọ́ rẹ."

Ó ronú. "Adájọ́ ni mo rántí. Àti ọlọ́pàá. Àti bàbá mi." Ó mi orí. "Mi ò rántí pé ẹnìkan dúró láàárín wa."

Mo sọ fún un. Mo ní mo mọ̀ pé ó ń bẹ Alhaji ni, mo mọ̀ pé kò gbà pé òun jalè. Mo ní mo lè nawọ́ sókè kí n sọ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ìwé, mo sì dúró síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì.

Ó mú ìṣó kan nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

"Bàbá, ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́wọ̀n, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé kò yé wọn ni. Mo ní wọn ò mọ̀, pé ká ní ẹnìkan mọ̀ ni, ì bá sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá mi ti kú, ohun tí mo fi tu ara mi nínú náà nìyẹn. Pé kò sẹ́ni tó mọ̀." Ó fi ìṣó náà sórí tábìlì. "Ohun tí mo fi gbé e nìyẹn, sà. Títí di àárọ̀ yìí."

Mo ti rò pé ó lè bú mi, mo ti rò pé ó lè dárí jì mí. Méjèèjì ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Mo gbé ẹrù mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí, mo sì tún pè é ní àforíjì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ní òfin lẹ máa ṣe, ẹ fi ojú ara yín ka òfin náà. Ẹ kà á dé ìparí. Ẹ má sì dúró ọdún méjìdínlógún kí ẹ tó sọ ohun tí ìṣẹ́jú kan tó láti sọ.

Kàmórù kò lé mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, títí di òní. Ó dìde, ó sìn mí dé etí títì, ó dúró tì mí nínú oòrùn títí ọkọ̀ Abẹ́òkúta fi dé. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó mú mi lọ́wọ́ wọlé, ó ní kí awakọ̀ rọra sáré nítorí àgbàlagbà ló gbé. Ó ní kí n máa lọ dáadáa. Kò ní kí n tún wá.